Iṣẹ́ Á Dúró Dè Yín, Owó Ò Ní Wọlé

Ẹ jẹ́ ká fi obìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ. Ó ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Houston, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ló ń wọṣẹ́, wákàtí 12 nígbà kọ̀ọ̀kan. Ó ti lé lọ́dún kan níbẹ̀. Nígbà tí oyún rẹ̀ ń pọ̀ sí i, ó ní kí wọ́n fún òun ní ìsinmi ọlọ́mọ. Ọ̀gá rẹ̀ yẹ ìwé wò, ó ní wákàtí rẹ̀ kò pé.

Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀. 12 lọ́nà 2 jẹ́ 24. 24 lọ́nà 52, iye ọ̀sẹ̀ inú ọdún, jẹ́ 1,248. 1,250 ni òfin sì ń béèrè. Wákàtí méjì péré! Ká ní ó ti ṣírò rẹ̀ ṣáájú ni, iṣẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo ì bá dí i.

FMLA ni wọ́n ń pe òfin náà. Ààrẹ Bill Clinton ló fọwọ́ sí i lóṣù kejì ọdún 1993; ẹni tó jẹ ṣáájú rẹ̀ ti kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀sẹ̀ 12 ló fún òṣìṣẹ́ láti fi tọ́jú ọmọ tuntun, ìbáà jẹ́ ọmọ tó bí tàbí èyí tó gbà tọ́. Tó bá padà dé, iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n máa fún un, tàbí òmíràn tí owó àti ipò rẹ̀ kò yàtọ̀. Ìnṣọ́ránsì ìlera rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ já, bó bá ṣáà ń san ìpín tirẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin náà kò ní kí wọ́n san owó iṣẹ́. Ìpínlẹ̀ bíi California, New Jersey àti New York ní ètò tó ń san díẹ̀. Texas kò ní in.

Yàtọ̀ sí wákàtí 1,250 náà, òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ ti lo oṣù 12 lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ kó tó lè gba ìsinmi yìí. Bó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ aládàáni, ó gbọ́dọ̀ ní òṣìṣẹ́ 50, ó kéré tán, láàárín máìlì 75 sí ibi iṣẹ́ òṣìṣẹ́ náà.

Wákàtí 1,250 yẹn ló yẹ ká ṣọ́ jù, nítorí ọ̀pọ̀ wa ló ń ṣe iṣẹ́ méjì. Wákàtí 20 lọ́sẹ̀ níbí, 20 lọ́hùn-ún: wọn kì í sábà rò ó pọ̀. Ọjọ́ ìsinmi tí wọ́n san owó rẹ̀ pàápàá kò sí nínú ìṣirò. Àmọ́ ófátáìmù wà níbẹ̀. Ẹ má ju ìwé owó iṣẹ́ yín nù.

Bàbá ńkọ́? Tirẹ̀ náà ni. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin wa á gba ọjọ́ méjì fún ìkómọjáde, wọ́n á sì sáré padà síbi iṣẹ́, bí ẹni pé ìyá nìkan ló bímọ. Bí tọkọtaya bá jọ ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀gá kan náà, ọ̀gá náà lè ní kí wọ́n jọ pín ọ̀sẹ̀ 12 náà.

Ẹ sọ fún ọ̀gá yín ní ọgbọ̀n ọjọ́ ṣáájú kí ìsinmi náà tó bẹ̀rẹ̀. Wọn kò gbọ́dọ̀ lé yín nítorí pé ẹ béèrè. Kò sì pọn dandan kí ìyá àti bàbá gba ìsinmi náà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí màmá bá wá láti ilé wá wẹ ọmọ, bàbá lè dúró kí màmá padà sílé kó tó gba tirẹ̀, kó ṣáà ti lò ó tán kí ọmọ tó pé ọdún kan.