Ọmọ Tó Ń Fi Ọwọ́ Gun Itan Ara Rẹ̀

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbi tí ọ̀pọ̀ nínú yín mọ̀. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ láti Èkó lọ sí ìlà-oòrùn mọ̀ pé bí ọkọ̀ bá kúrò ní Asaba, tó sọdá afárá Odò Ọya tí wọ́n kọ́ ní 1965, Bridge Head ní Onitsha ló kàn. Ibẹ̀ ni ọjà oògùn tí wọ́n ń pè ní Ogbo Ogwu wà, oògùn tí ẹ rà ní kẹ́míìsì àdúgbò yín sì lè ti gba ibẹ̀ kọjá. Mo mú un wá torí pé kí òbí tó gbé ọmọ dé ọ̀dọ̀ dókítà, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta oògùn ló sábà máa ń kọ́kọ́ yà. Ṣé ẹ ń bá mi bọ̀?

Ẹ wá fojú inú wo ìyá kan tó dé ìsọ̀ olóògùn. Ó ní, “Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọdún mẹ́rin, àmọ́ ó máa ń ṣubú ṣáá. Ẹ fún mi ní ohun tó ń mú egungun le.” Olóògùn fún un ní kálísíọ̀mù àti fítámì. Oṣù kan lẹ́yìn náà, ìyá náà tún padà wá. Kò sẹ́ni tó ní kí ọmọ náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kó sì dìde láì di nǹkan mú. Ká ní wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ ni, wọn ì bá rí i pé ọmọ náà yóò kọ́kọ́ yí dojú bolẹ̀, yóò fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tẹlẹ̀, ìdí rẹ̀ á ga sókè, á wá gbé ọwọ́ lé orúnkún, á sì máa fi ọwọ́ gun itan ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí á fi nàró. William Gowers, dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣàpèjúwe àmì yìí ní 1879, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ṣì fi ń pè é dòní. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ibẹ̀ kà kí ẹ tó máa bọ̀, torí òun ni ìpìlẹ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ wa.

Àmì kejì máa ń tan àwọn òbí jẹ. Ẹran ẹ̀yìn ojúgun ọmọ náà máa ń tóbi, àwọn èèyàn á sì máa yìn ín pé agbábọ́ọ̀lù ni yóò dà. Ẹ lè bi mí pé báwo ni ẹsẹ̀ tó tóbi ṣe jẹ́ ẹsẹ̀ tí kò lágbára. Ìbéèrè gidi ni. Inú iṣan wa, ìyẹn ẹran ara tó ń fa egungun, ni èròjà kan tí wọ́n ń pè ní dystrophin wà. Òun ló ń dáàbò bo iṣan nígbà tí iṣan bá ń ṣiṣẹ́. Iṣan tí kò ní in dà bí ògiri amọ̀ tí a kò rẹ́, tí òjò ń rọ̀ lù: á máa ṣí díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rá àti àpá ló máa ń gba ipò ohun tó ṣí kúrò, ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ fi ń tóbi tí kò sì lágbára. Muscular dystrophy ni àwọn dókítà ń pe irú àrùn yìí. Àwa yóò pè é ní àrùn ìjoro-iṣan. Oríṣiríṣi ló wà, èyí tó sì wọ́pọ̀ jù tó tún le láàárín àwọn ọmọdé ni èyí tí wọ́n ń pè ní Duchenne. Ọmọkùnrin ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo àwọn tó ń ní in, bí ọmọkùnrin kan nínú 5,000. Ọ̀pọ̀ wọn kì í lè rìn mọ́ bí wọ́n bá ti tó ọmọ ọdún méjìlá, lẹ́yìn náà ni àìlera á dé ọkàn àti èémí. Ó yé yín títí débí?

Ibi tó le ló kàn, àmọ́ ẹ ti mọ ìdajì rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé tọkọtaya máa ń lọ yẹ jẹ́nótáìpù wò nítorí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, pé AS àti AS lè bí SS. Nínú ìyẹn, bàbá àti ìyá ló ní ipa. Ti Duchenne yàtọ̀. Orí kúrómósómù X, ọ̀kan lára àwọn ohun tó ń gbé àbùdá àjogúnbá, ni jíìnì, ìyẹn ìtọ́ni, tó ń kọ́ dystrophin wà. Obìnrin ní X méjì: bí ọ̀kan bá bàjẹ́, èkejì á gbé e. Ọkùnrin ní ẹyọ kan ṣoṣo: bí ìyẹn bá bàjẹ́, kò sí arọ́pò. Ìyá tó ní X kan tó bàjẹ́ lè máà ṣàìsàn rárá, àmọ́ ọmọkùnrin tó bá bí lè ní àrùn náà, ìdajì-ìdajì ni, lóyún ọmọkùnrin kọ̀ọ̀kan. Àyẹ̀wò AA àti AS kò lè fi èyí hàn. Ṣé ẹ rí ìyàtọ̀ náà?

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, torí ibí ni wọ́n ti ń fi ìyà jẹ obìnrin. Bí ẹbí bá ti gbọ́ pé ara ìyá ni nǹkan ti wá, ẹnu á kún un pé àjẹ́ ni, pé ó ti jẹ ọmọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Irọ́ ni. Nínú bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ọmọ wọ̀nyí, jíìnì ìyá kò ní àléébù kankan. Ara ọmọ ni àyípadà náà ti bẹ̀rẹ̀ ní tuntun. Bí ìyá bá tiẹ̀ gbé e, kò mọ̀, kò yàn án. Ẹni tó bá fẹ́ la aráàlú lóye lórí àrùn yìí tí kò sọ èyí síta, kò tíì ṣe nǹkan kan. Ẹ gbà pẹ̀lú mi?

Ó kan ìtọ́jú. Títí di òní, kò sí oògùn tó ń wò ó sàn pátápátá. Àmọ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan wà fún èròjà creatine kinase, tí àwọn dókítà ń pè ní CK, tó máa ń ga gan-an nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ wọ̀nyí. Prednisolone, oògùn tí kò wọ́n, lè fi bí ọdún kan sí mẹ́ta kún àkókò tí ọmọ yóò fi máa rìn. Dókítà ni kó díwọ̀n rẹ̀, a kì í sì í dá a dúró lójijì. Mo bẹ̀ yín, ẹ má dá a rà fọ́mọ ní ọjà: NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, ti Ogbo Ogwu pa ní 2007 lábẹ́ Dora Akunyili, ó tún tì í ní oṣù kejì 2025 lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Mojisola Adeyeye, nítorí ayédèrú oògùn. Àwọn físíò tó ń na iṣan, àyẹ̀wò ọkàn àti àga oníkẹ̀kẹ́ náà ṣe pàtàkì. Ẹ fi àwọn nǹkan wọ̀nyí sọ́kàn, torí àwọn ni a ó náwó lé.

Owó wá ńkọ́? Nílẹ̀ Faransé, ìyá kan tó ń jẹ́ Yolande de Kepper, tí mẹ́rin nínú àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ ní àrùn Duchenne, dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1958. Ní 1987, ẹgbẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ ètò ìkówójọ kan lórí tẹlifíṣọ̀n, Téléthon, owó ibẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ ibùdó ìwádìí Généthon ní 1990. Aráàlú ń rí ohun tí owó wọn ṣe. Ní Amẹ́ríkà, apanilẹ́rìn-ín Jerry Lewis darí irú ètò bẹ́ẹ̀ láti 1966 di 2010, owó ńlá sì wọlé. Àmọ́ nígbà tó yá, àwọn kan tí wọ́n ti fi ṣe àwòrán ìpolówó ní kékeré dìde, wọ́n ní wọ́n sọ àwọn di ẹni àánú lójú ayé. Lọ́dọ̀ tiwa náà, ẹ ti rí ọkọ̀ tó ń gbé àwòrán ọmọ aláìsàn kiri ibùdókọ̀ pẹ̀lú gbohùngbohùn rí. Èmi kò fara mọ́ irú ìtọrọ owó bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣì wà pẹ̀lú mi?

Ẹnì kan lè ní: ṣé kí a má tọrọ owó ìtọ́jú jíìnì tí wọ́n ń pè ní Elevidys, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2023? Mílíọ̀nù 3.2 dọ́là ni fún ọmọ kan. Ní 2025, ọmọkùnrin méjì tí kò lè rìn mọ́ gbà á, ẹ̀dọ̀ wọn dáṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì kú. Ní tèmi, iye tó máa tó ra ìyẹn fún ẹnì kan yóò ṣe àyẹ̀wò CK fún àìmọye ọmọ, yóò sì ra àga oníkẹ̀kẹ́ fún wọn. Kí a san owó tí a bá kó jọ sí ilé ìwòsàn tààrà, kí a sì lẹ ìwé ìnáwó mọ́ ibi tí ẹni tó dáwó yóò ti rí i.

Ọjọ́ keje oṣù kẹsàn-án ni ọjọ́ Duchenne lágbàáyé. Ẹyọ 79 ni jíìnì dystrophin pín sí, ìyẹn ni wọ́n fi yan ọjọ́ 7 oṣù 9. Ká ní ní ọjọ́ yẹn, àgbàlagbà kan dúró ní Bridge Head, ó sọ ọ̀rọ̀ yìí ní èdè Ìgbò fún àwọn olóògùn, ó sì fi ara rẹ̀ ṣàfihàn bí ọmọ náà ṣe ń dìde. Bí ìyá kan bá tún wá ra fítámì fún ọmọ tó ń ṣubú ṣáá, olóògùn yóò ní, “Ìyá, ẹ jẹ́ kó jókòó sílẹ̀ kí n rí bó ṣe ń dìde,” bó bá sì rí ọwọ́ lórí itan, yóò darí wọn sí ọ̀dọ̀ dókítà ọmọdé ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Nnamdi Azikiwe ní Nnewi, tí kò jìnnà síbẹ̀, pé kí wọ́n béèrè àyẹ̀wò CK.