Ìfági Tí A Kò Tò Dáadáa, Igi Ni Ó Ń Bà Jẹ́

Ẹ̀kọ́ fún ìjíròrò

1. Ẹ̀yin ará, ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń gbé Warri ni ó ń náwó lórí iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà. Oníṣòwò ń fẹ́ káńtà fún ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba ń fẹ́ tábìlì àti ilẹ̀kùn. Àwọn mìíràn sì ti fi ọmọ sẹ́nu iṣẹ́ náà. Nígbà tí ojú pákó bá họ, tí ó rí bí ìpẹ́ ẹja, a máa ń wí pé igi náà kò dára, tàbí pé ọ̀lẹ ni ọmọ iṣẹ́. Kí ni ó sábà máa ń fà á? Ìfági, èyí tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ń pè ní pléénì, ni a kò tò kí a tó lò ó. Àwọn àgbà wí pé ọ̀bẹ kì í mú títí kí ó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ìfági náà kò lè to ara rẹ̀. Ọwọ́ ènìyàn ni yóò tò ó.

2. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ igi tí ó wà lágbègbè wa. Igi sapele, tí a mọ̀ káàkiri ayé, ìlú Sapele tí ó wà nítòsí wa níhìn-ín ni ó fi orúkọ jọ. Ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ African Timber and Plywood, ti ẹgbẹ́ UAC, ti ń fi pákó ránṣẹ́ sí òkè òkun nígbà ayé rẹ̀. Okùn igi yìí kì í lọ sí ọ̀nà kan ṣoṣo. Bí ó ti ń dàgbà, okùn rẹ̀ a yí sí ọ̀tún fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà a yí sí òsì. Ohun tí ó fún un ní ìlà títàn àti ìlà ṣíṣú tí ó lẹ́wà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun kan náà ni wàhálà rẹ̀. Níbi tí ìfági bá ti ń bá okùn lọ, ojú igi a dán; níwájú díẹ̀, ó dojú kọ okùn, igi a sì ya. Ìrókò náà ní irú okùn bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń ní òkúta líle nínú tí ń ba abẹ jẹ́. Arère rọ̀, òun ni ó dára kí ọmọ iṣẹ́ fi kọ́ ọwọ́.

3. Ìfági ti pẹ́ láyé. A wú u jáde nínú àwókù Pompeii, ìlú àwọn ará Róòmù tí òkè ayọnáyèéfín bò mọ́lẹ̀ ní ọdún 79. Irú èyí tí a fi irin ṣe, tí ó pọ̀ lọ́wọ́ àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà lónìí, iṣẹ́ ọpọlọ Leonard Bailey ará Amẹ́ríkà ni. Ní ọdún 1869 ni ilé iṣẹ́ Stanley ra iṣẹ́ rẹ̀. Nọ́ńbà 4 kúrú, dídán igi ni iṣẹ́ rẹ̀. Nọ́ńbà 5, tí ó gùn tó íǹṣì 14, ni a fi ń mú pákó tẹ́jú.

4. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ńkọ́? Ẹ fa abẹ wọlé, ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà sí àtẹ́lẹsẹ̀ ìfági, kí ẹ sì fi í ha sáńpépà tí a tẹ́ sórí gíláàsì. Ibi tí ìlà bá kù sí ni ó rì. Ohun tí a ń fẹ́ ni pé kí iwájú, etí ẹnu àti ẹ̀yìn dọ́gba.

5. Báwo ni a ṣe ń pọ́n abẹ? Ẹ kọ́kọ́ tẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ sórí òkúta ìpọ́n títí ìtòsí ẹnu rẹ̀ yóò fi máa dán. Lẹ́yìn náà ẹ pọ́n ojú dídagun ní ìwọ̀n 25 sí 30 dìgíríì, títí ọwọ́ yóò fi bá irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó yọ sí ẹ̀yìn láti etí dé etí. Ẹ tún tẹ́ ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan, kí ó já dànù. Bí ẹ bá gbé e sí ìmọ́lẹ̀ tí ìlà funfun sì hàn lẹ́nu rẹ̀, kò tíì mú.

6. Irin òkè, èyí tí a dè mọ́ orí abẹ, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà sí. Ó gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ abẹ tímọ́tímọ́. Bí àlàfo bá wà, èérún pákó yóò há síbẹ̀. Fún iṣẹ́ gbàǹgbà, ẹ jẹ́ kí ó jìnnà sí ẹnu abẹ tó mílímítà 1.5. Fún sapele, kò gbọdọ̀ ju ìdajì mílímítà kan lọ, kí ó tilẹ̀ kéré sí i. Èé ṣe? Nítorí pé irin òkè ni ó ń ṣẹ́ èérún náà sókè kí ó tó fa igi ya níwájú. Ní Japan, Kato àti Kawai ti Yunifásítì Yamagata ya àwòrán iṣẹ́ yìí láti ìtòsí, ó sì hàn kedere nínú rẹ̀.

7. Nísinsìnyí ẹ dá ìfági dojú dé, kí ẹ wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ láti iwájú. Ẹ fi ọ̀pá kékeré tí ó wà lẹ́yìn tọ́ abẹ títí kò fi ní dagun. Ẹ yí kẹ̀kẹ́ idẹ díẹ̀díẹ̀ títí abẹ yóò fi yọ bí irun kan. Bí ó bá yọ jù, ẹ fà á wọlé kọjá ibi tí ẹ ń fẹ́, kí ẹ tún wá tì í jáde. Nítorí kẹ̀kẹ́ náà máa ń yí lásán díẹ̀, ìtìjáde ni kí ó kẹ́yìn. Ẹ fi àbẹ́là ra àtẹ́lẹsẹ̀, yóò sì máa yọ̀. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀, iwájú ni kí ẹ tẹ̀; bí ẹ bá ń parí lọ, ẹ̀yìn ni.

8. Ní ti ilẹ̀kùn, ẹ ṣọ́ra. Òjò Warri ju 2,500 mílímítà lọ lọ́dún, igi sì ń mu omi. Ilẹ̀kùn tí ó há nígbà òjò yóò sún kì nígbà ọyẹ́. Ẹni tí ó bá fá a lápọ̀jù nígbà òjò yóò rí àlàfo nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn olè náà yóò sì rí i. Ẹ kọ́kọ́ wò bóyá skúrù ìdè rẹ̀ ni ó tú. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ fá díẹ̀, kí ẹ sì kun etí tí ẹ fá lọ́jọ́ náà, nítorí etí tí a kò kùn ni omi ń gbà wọlé.

9. Nítorí náà, kí a tó gbé pákó olówó iyebíye fún ẹnikẹ́ni, kí a fi ọ̀wọ̀ wí pé, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fá pákó kékeré kan kí n wò ó.” Bí èérún rẹ̀ bá jáde ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, láìjá, tí ojú igi sì ń dán, ẹ fọkàn balẹ̀. Kí ẹni tí ó ní ọmọ lẹ́nu iṣẹ́ béèrè bóyá wọ́n ti kọ́ ọ ní ìpọ́n abẹ. Ọmọ tí ó mọ̀ ọ́n pọ́n ti ní iṣẹ́ lọ́wọ́.

Ìbéèrè: (a) Èé ṣe tí igi sapele fi máa ń ya? (b) Báwo ni irin òkè ṣe gbọ́dọ̀ súnmọ́ ẹnu abẹ tó? (d) Kí ni ó yẹ kí a wò kí a tó fá ilẹ̀kùn nígbà òjò?