Bátìrì tuntun, àìsàn àtijọ́

Lónìí, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni a ó kà.

Bàbá kan ní Sakété ń fi Peugeot 504 kó èrò lọ sí Pobè. Ní 1968 ni irú ọkọ̀ yìí kọ́kọ́ jáde ní ilẹ̀ Faransé. Ó lágbára, ṣùgbọ́n ti Bàbá ti dàgbà. Nígbà mìíràn, bó bá yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ á ṣíná. Nígbà mìíràn, á kàn dún “kẹ́”, á dákẹ́. Bó bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tún un ṣe, ara rẹ̀ á tún le koko. Irú àìsàn yìí ló burú jù: ó ń sá fún dókítà.

Wọ́n ní bátìrì ló kú. Bàbá kó owó àjọ rẹ̀, ó ra tuntun. Ní ọjọ́ kẹta, ọkọ̀ kọ̀ sójú ọ̀nà. Tòmátì àwọn obìnrin ọlọ́jà bà jẹ́ sínú rẹ̀.

Ọmọkùnrin kan tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe bi í pé:

— Bàbá, ẹ kú ìnira. Bó bá kọ̀, ṣé iná iwájú ń tàn?

— Á tàn. Bí mo bá yí kọ́kọ́rọ́, á di bàìbàì.

— Ìgbà wo ló ń ṣe é jù?

— Bí a bá gba ọ̀nà gbágungbàgun, ọmọ mi.

— Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ jẹ́ ká dúró kó tún kọ̀.

Ibí yìí ni mo ti gba ti ọmọ náà. Ẹlòmíràn á ti máa tú nǹkan káàkiri.

Iná ń jáde lára bátìrì, ó sì gbọ́dọ̀ padà síbẹ̀. Wáyà nípọn kan ló so irin ẹ́ńjìnnì mọ́ bátìrì, kí iná lè rí ọ̀nà padà. Bí ìdí wáyà yìí bá dógùn-ún, iná díẹ̀ ṣì lè kọjá, gílóòbù á tàn. Ṣùgbọ́n iná púpọ̀ ni sítátà ń fẹ́. Kò ní rí i.

Nígbà tí ọkọ̀ kọ̀, ọmọ náà fa bíréèkì ọwọ́, ó yọ jíà. Ó mú gílóòbù kékeré oníwáyà méjì. Ó fi wáyà kan kan orí bátìrì tó ní àmì −, ó fi ìkejì kan irin ẹ́ńjìnnì. Bàbá yí kọ́kọ́rọ́. Gílóòbù tàn! Bí wáyà nípọn náà bá dára ni, gílóòbù kò ní tàn, torí inú wáyà ni iná ìbá gbà.

Wọ́n yọ orí bátìrì, ti − ni wọ́n kọ́kọ́ yọ. Wọ́n tú nọ́ọ̀tì ìdí wáyà, wọ́n rí ìpẹtà lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n fi ọ̀bẹ ha á títí irin fi dán, wọ́n sì dè é le. Ọkọ̀ ṣíná lẹ́ẹ̀kan náà.

Bátìrì àtijọ́ ńkọ́? Bàbá ti tà á fún àwọn tó ń ra irin.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí gílóòbù fi tàn? Àwọn wo ló pàdánù, kí sì ni wọ́n pàdánù?