Àfòpiná ni àbí eku?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, àgbàdo mi ń bàjẹ́ lóko. Ẹnì kan ní eku ni, ẹlòmíì ní àfòpiná ni. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀? (Àgbẹ̀ kan, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì)

Ìdáhùn: Bí ewé bá lu, tí ìgbẹ́ bí ìyẹ̀fun pákó sì kún ọkàn àgbàdo, ọmọ àfòpiná tó ti Amẹ́ríkà wá, tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní Nàìjíríà lọ́dún 2016, ni. Àfòpiná fúnra rẹ̀ kì í jẹ ewé; ẹyin ló ń yé, ó sì lè yé ju 1,000 lọ. Ẹ máa ṣa ẹyin àti kòkòrò náà pa láàárọ̀.

Bí wọ́n bá hú kóró tí ẹ gbìn, tí ojú eyín sì hàn lára ọmọ àgbàdo, eku ni. Ẹ ro etí oko, kí ẹ dẹ pàkúté. Ẹ má fọwọ́ lásán gbé òkú eku o: irú eku kan ló ń kó ibà Lassa ràn.