Bí A Ṣe Ń Fi Àgékù Pákó Ṣe Ilé fún Irinṣẹ́

Ohun méjì ni káfíńtà tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Arimogija, tàbí ní ìlú mìíràn ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ́, nílò fún títọ́jú irinṣẹ́: pákó ìfikọ́ lára ògiri, àti àpótí tó ṣe é gbé. Abẹ́ páànù ni ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ìgbèríko wà, òpó mẹ́rin àti ògiri kan, kò sí ilẹ̀kùn tí ẹnikẹ́ni lè tì. Irinṣẹ́ á wà lára ògiri lọ́sàn-án. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á bá ọ̀gá lọ sílé. Ọmọṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fírídọ̀mù kì í sábà ka èyí sí. Á pa ewúrẹ́, á gba onílù, á dá aṣọ fún ẹbí, ṣùgbọ́n inú àpò ìrẹsì ni ayùn àti ṣísẹ̀lì rẹ̀ jọ wà, tí ẹnu ọ̀kan ń jẹ ẹnu èkejì. Kò ní pẹ́ tí ẹnu ayùn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n fi máa kú.

Kò yẹ kí wọ́n ra pákó fún iṣẹ́ yìí. Ó wà nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù: àgékù férémù ilẹ̀kùn, orí pákó òrùlé tí wọ́n gé kúrò, etí pláíwúùdù. Sọ́míìlì náà ń da ẹ̀gbẹ́ igi tó ṣì ní èèpo lára sílẹ̀, àwọn tó ń wá igi ìdáná ló sì máa ń kó o lọ. Ẹni tó bá tètè débẹ̀ lè rí ìrókò àti apá láàrin wọn. Àmọ́ àgbà káfíńtà kì í kó gbogbo ohun tó bá rí, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ àgbà àti ti èwe ti kọ́kọ́ ń yàtọ̀.

Ìrókò àti apá wúwo, ikán kì í sì í tètè jẹ wọ́n. Ohun tó máa kan ilẹ̀ àti ohun tó máa gbé ẹrù ni kí wọ́n fi wọ́n ṣe. Kí ẹni tó ń fá ìrókò sì fi aṣọ bo imú, nítorí èérún rẹ̀ máa ń ta imú àti awọ ara. Arère fúyẹ́, ìṣó ń wọ̀ ọ́ wẹ́rẹ́, òun ló sì dára jù fún ara àpótí. Àléébù rẹ̀ ni kòkòrò. Bí ihò wínníwínní bá wà lára arère, kí wọ́n gbá a mọ́ òkúta: bí ìyẹ̀fun bí èlùbọ́ bá dà sílẹ̀, iná ló kàn, nítorí bí ó bá wọ ṣọ́ọ̀bù, kòkòrò inú rẹ̀ á kó ran èyí tó kù.

Pákó dékìn tí àwọn bíríkìlà ti lò tán pọ̀ níbi tí wọ́n bá ti ń kọ́lé, ó sì lágbára, ṣùgbọ́n ọ̀tá ayùn ni. Sìmẹ́ǹtì gbígbẹ ń bo ìṣó mọ́lẹ̀ lára rẹ̀, ìṣó kan péré sì tó láti ba eyín ayùn jẹ́. Kí wọ́n kọ́kọ́ fi àdá tó ti kú ha sìmẹ́ǹtì náà kúrò. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n so mágínẹ́ẹ̀tì inú sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́ mọ́ okùn, kí wọ́n máa fà á lọ lórí pákó náà díẹ̀díẹ̀. Ibi tó bá ti fà mọ́ ọn ni ìṣó wà. Bí ó bá jẹ́ pákó pálẹ́ẹ̀tì tó ti etíkun wá ni wọ́n rí, kí wọ́n wo àmì tí wọ́n tẹ̀ sí i lára. HT túmọ̀ sí pé ooru ni wọ́n fi pa kòkòrò inú rẹ̀. MB túmọ̀ sí pé oògùn olóró methyl bromide ni wọ́n fín sí i, èyí kò sì yẹ ní ṣọ́ọ̀bù.

Pákó tútù kò ṣe é lò. Kí wọ́n tò ó sábẹ́ páànù, kí wọ́n fi igi pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ sí àárín wọn kí atẹ́gùn lè gba ibẹ̀ kọjá. Èyí tí wọ́n bá kàn mọ́ra ní tútù lásìkò òjò, bí ọyẹ́ bá dé, oríkèé rẹ̀ á yanu.

Kí wọ́n tó gé ohunkóhun, kí wọ́n tẹ́ gbogbo irinṣẹ́ sórí pákó ńlá kan nílẹ̀. Irinṣẹ́ ló ń sọ bí ilé rẹ̀ yóò ṣe rí. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti orí pákó á ṣe àyè tó wu pákó. Òòlù, tépù àti síkúwíà, tí ọwọ́ ń lọ bá nígbà gbogbo, ni kí ó wà níbi tí ọwọ́ ọ̀tún á ti tètè bà á, láàrin ìbàdí àti ojú. Kí àyè ìka méjì wà láàrin irinṣẹ́ kan àti òmíràn, kí ẹni tó ń mú òòlù má baà fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbá ẹnu ṣísẹ̀lì. Lẹ́yìn èyí ni kí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà yí ọ̀kọ̀ọ̀kan ká.

Àyè ṣísẹ̀lì ló gba sùúrù jù. Kí wọ́n mú pákó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó gùn dọ́gba, kí wọ́n gé igi kéékèèké tó nípọn ju irin ṣísẹ̀lì lọ díẹ̀, kí wọ́n sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n sáàárín pákó méjèèjì, kí àyè máa wà láti igi kan sí èkejì. Ṣísẹ̀lì gan-an ni kí wọ́n fi wọn àyè náà, kí wọ́n wé pépà páálí kan mọ́ ọn kó má baà há. Irin á wọlé, èèkù á dúró lókè. Ohun tí àwọn ọmọṣẹ́ sábà máa ń gbàgbé ni gọ́ọ̀mù tó ń yọ jáde sínú ihò náà. Bí wọn kò bá fi igi tínínrín nù ún kó tó gbẹ, ṣísẹ̀lì kò ní wọlé mọ́, òòlù ni wọn á sì fi lù ú.

Ayùn kò fẹ́ ju èèkàn pákó kan lọ, tó bá inú ihò ọwọ́ rẹ̀ mu, tí ahọ́n igi kékeré wà lórí rẹ̀: bí wọ́n bá yí ahọ́n náà, ayùn kò ní já bọ́. Pléènì ń fẹ́ pẹpẹ tó ṣe gẹ̀ẹ́rẹ́, tí etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ga díẹ̀. Kí wọ́n kan igi tínínrín sí ibi tí iwájú rẹ̀ á jókòó lé, kí abẹ rẹ̀ má kan pákó. Nígbà tí wọ́n bá ń kan ìṣó sí etí pákó, kí wọ́n kọ́kọ́ fi òòlù tẹ ẹnu ìṣó náà kó di kíkú. Ìṣó tó mú ń la igi, èyí tó kú ń já gba inú rẹ̀ kọjá. Fún ìrókò àti apá, kí wọ́n lu ihò sílẹ̀ kí ìṣó tó wọ̀ ọ́.

Ògiri alámọ̀ kì í di ìṣó mú, nítorí náà òpó ṣọ́ọ̀bù ni kí gbogbo ẹrù yìí rọ̀ mọ́. Ọ̀nà kan wà tó rọrùn. Wọ́n á la pákó kan sí méjì ní gẹ̀ẹ́rẹ́, dígíríì 45. Wọ́n á kan ìdajì kan mọ́ òpó méjì, kí ẹnu gẹ̀ẹ́rẹ́ rẹ̀ kọjú sókè, kí ó sì fì sí ọ̀dọ̀ ògiri. Wọ́n á kan ìdajì kejì sẹ́yìn àyè irinṣẹ́, kí ẹnu tirẹ̀ kọjú sílẹ̀. Bí wọ́n bá gbé èkejì lé èkíní, ìwúwo ẹrù fúnra rẹ̀ á fà á mọ́ ògiri. Kò sí ìṣó tí wọn á yọ bí wọ́n bá fẹ́ ṣí i nípò.

Àpótí ìgbérelé ní láti fi íǹṣì 2 gùn ju ayùn tó gùn jù lọ. Kí ara rẹ̀ jẹ́ arère, kí ìdí rẹ̀ jẹ́ pláíwúùdù. Ẹni tó fi apá ṣe gbogbo rẹ̀ á ru àpótí òfìfo tó ti wúwo tán. Igi ìrókò méjì lábẹ́ rẹ̀ á gbé e kúrò ní ilẹ̀ tútù. Ọwọ́ ọkọ́ tó ti gbó, tó gba inú ìhà méjèèjì kọjá, á ṣe ọwọ́ rẹ̀. Ìdérí kò nílò ìdè irin: rọ́bà táyà ọ̀kadà tí wọ́n kàn pẹ̀lú ìdérí mínírà lábẹ́ orí ìṣó ń pẹ́, kò sì ní dógùn-ún.

Ọ́ìlì kọ̀ndẹ́mù dára fún igi tó kan ilẹ̀ nítorí ikán, ṣùgbọ́n kí ó má kan abẹ: ìdọ̀tí ń bẹ nínú rẹ̀. Ọ́ìlì mímọ́ díẹ̀ lórí àkísà ni kí wọ́n fi ń nu irin lálẹ́. Ní ti ìlà ṣọ́ọ̀kì, kí wọ́n fi ọ̀dà tọ̀ ọ́, kí àyè tó ṣófo lè hàn kí ọmọṣẹ́ tó kó ẹrù wọ àpótí. Bí irinṣẹ́ tuntun bá dé, àyè tirẹ̀ nìkan ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n á gbé e lé pákó gẹ̀ẹ́rẹ́, wọ́n á sì sún àwọn yòókù mọ́ra.