Yunifásítì Tí Ẹnubodè Rẹ̀ Wà Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ní ayé àtijọ́, ìlú tí ó bá ní odi a máa ní ẹnubodè, ẹnubodè kọ̀ọ̀kan a sì ní oníbodè tirẹ̀. Iṣẹ́ oníbodè kò ju mẹ́ta lọ: a bi àlejò léèrè ẹni tí ó jẹ́, a gba owó ibodè lọ́wọ́ rẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ bá sì ṣú, a ti ìlẹ̀kùn. Ẹni tí ó bá pẹ́ lóko, ìta ni yóò sùn. Iṣẹ́ mẹ́ta wọ̀nyí gan-an ni ojúlé ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní portal, ń ṣe fún yunifásítì òde òní. Ṣùgbọ́n oníbodè ayé àtijọ́ mọ ojú ènìyàn, ó sì ṣeé bẹ̀. Ti òde òní kò mọ ojú ẹnikẹ́ni, ẹ̀bẹ̀ kò sì wọ̀ ọ́ létí.

Ní ilẹ̀ Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ yìí kan National Open University gidigidi, yunifásítì tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ fún àwọn tí kò lè fi ilé àti iṣẹ́ wọn sílẹ̀ lọ gbé inú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́. Ní ọjọ́ 22 oṣù Keje ọdún 1983 ni a dá a sílẹ̀, ní àkókò ìjọba Alhaji Shehu Shagari. Kò tíì pé ọdún kan tí àwọn ológun tí ó gba ìjọba fi dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró, ní oṣù Kẹrin ọdún 1984. Ó di ọdún 2001 kí Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ tó jí i dìde. Lẹ́yìn tí Ọbásanjọ́ kúrò lórí oyè, òun fúnra rẹ̀ wọ ibẹ̀ bí akẹ́kọ̀ọ́. Ó ti pé ẹni ọgọ́rin ọdún nígbà tí ó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ ìsìn Kristẹni ní ọdún 2018. Olú ilé-iṣẹ́ yunifásítì yìí wà ní Àbújá, ó sì ní ibùdó ẹ̀kọ́ káàkiri àwọn ìpínlẹ̀, kódà nínú àwọn ọgbà ẹ̀wọ̀n kan. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá gbéra lọ sí Àbújá láti wá iyàrá ìkàwé tí olùkọ́ ti ń dúró dè é lójoojúmọ́, ó ti ṣìnà.

Kí a fi aránṣọ kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe àpẹẹrẹ. Yunifásítì gbà á wọlé, wọ́n sì fún un ní nọ́ńbà tí ó fi NOU bẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà yìí ni orúkọ rẹ̀ lójú oníbodè. Ọ̀rọ̀ aṣínà, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní password, ni àmì tí ó fi ń hàn pé òun ni. Ojúlé tí a bá kọ́ dáadáa kì í tọ́jú ọ̀rọ̀ aṣínà bí a ti tẹ̀ ẹ́. Ṣe ni ó ń lọ̀ ọ́ kúnná bí ẹni lọ ata, èyí tí ó lọ̀ ni ó sì ń fi pamọ́. Bí ẹni náà bá padà dé, ojúlé yóò tún lọ ohun tí ó tẹ̀, yóò sì fi wé ti àkọ́kọ́. Ata tí a ti lọ̀ kò ṣeé sọ di odindi mọ́. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó bá gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ kì í fi í rí ti àtijọ́ gbà. Tuntun ni wọn yóò ní kí ó ṣe. Bí ẹnìkan bá wá pe aránṣọ yìí lórí fóònù, tí ó ní òṣìṣẹ́ yunifásítì ni òun, tí ó sì ń béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà, irú ẹni tí ó jẹ́ ti hàn.

Ọ̀nà tí a ń gbà ṣe tuntun yìí ni ó yẹ kí ènìyàn ṣọ́ jù lọ. Ímeèlì tàbí nọ́ńbà fóònù tí akẹ́kọ̀ọ́ fi forúkọ sílẹ̀ ni wọ́n ń fi ìdáhùn ránṣẹ́ sí. Ọ̀pọ̀ ni kò ní ímeèlì tirẹ̀ lọ́jọ́ tí ó lọ forúkọ sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù oníkọ̀ǹpútà. Oníṣọ́ọ̀bù a ní kò burú, a sì fi tirẹ̀ sí i. Oore ni lójú ẹni tí ó ń kánjú. Láti ọjọ́ náà lọ, kọ́kọ́rọ́ ilé ti wà lọ́wọ́ àlejò. Bí oníṣọ́ọ̀bù bá kó kúrò ládùúgbò, tàbí bí ìjà bá dé, onílé di ẹni tí ń kan ìlẹ̀kùn ilé ara rẹ̀.

Àdírẹ́ẹ̀sì ojúlé pàápàá ní bí a ti ń kà á. Bí orúkọ ìdílé ti sábà máa ń kẹ́yìn orúkọ ènìyàn nínú ìwé, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ onílé ń kẹ́yìn nínú àdírẹ́ẹ̀sì. Ti yunifásítì yìí parí sí nou.edu.ng, edu.ng sì jẹ́ ìparí tí a yà sọ́tọ̀ fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Nàìjíríà. Bí dọ́ọ̀tì àti ọ̀rọ̀ mìíràn bá tún tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ ìkẹ́yìn yẹn ni kí a fi mọ ẹni tí ó ni ilé náà.

Lẹ́yìn èyí ni owó ibodè. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò san owó, yóò sì forúkọ sílẹ̀ fún àwọn ẹ̀kọ́ tí ó fẹ́ kọ́ ní sáà náà. Ìforúkọsílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ yàtọ̀ sí ìforúkọsílẹ̀ fún ìdánwò. Ẹni tí ó ṣe èkíní, tí ó rò pé èkejì ti wà nínú rẹ̀, lè ka ìwé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ó má sì bá orúkọ rẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò.

Ìwé ẹ̀kọ́ ní tirẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, fún akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹni tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́. Aránṣọ tí ó bá gbọ́n yóò gbà á sínú fóònù rẹ̀ lọ́jọ́ tí dátà bá wà, yóò sì máa kà á nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ.

Iṣẹ́ àṣetiléwá, tí wọ́n ń pè ní TMA, ni ó ń kó ìpayà bá ènìyàn jù. Máàkì 30 nínú 100 ni ó ní, orí ojúlé ni a sì ti ń ṣe é. Ó ní ọjọ́ tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ yóò tì. Kọ̀ǹpútà tí ń gbé ojúlé kò lè dá ogunlọ́gọ̀ lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà, síbẹ̀ alẹ́ ọjọ́ ìkẹ́yìn ni ọ̀pọ̀ máa ń ya dé bí èrò ọjà. Aago kọ̀ǹpútà náà ni ó ń fi ń ti ìlẹ̀kùn, kì í ṣe ti ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Bí iná bá lọ ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò sí bí yóò ti ṣe mọ̀.

Àwọn kan ń fi ọ̀rọ̀ aṣínà wọn lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, wọ́n sì ń sanwó fún un kí ó bá wọn ṣe iṣẹ́ yìí. Oníbodè kò ní mọ̀: nọ́ńbà pé, ọ̀rọ̀ pé, ó ṣí ìlẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n máàkì 70 tí ó kù wà ní gbọ̀ngàn ìdánwò, níbi tí ènìyàn ẹlẹ́ran ara ti ń fi fọ́tò wé ojú. Ibẹ̀ ni aránṣọ yóò mú ìwé ìforúkọsílẹ̀ tí ó tẹ̀ jáde láti orí ojúlé lọ, yóò sì jókòó láàárín àwọn tí wọ́n jọ ń kọ́ ẹ̀kọ́ kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà, tí kò rí ojú wọn rí.