Ìṣọ́wóná Onílé: Kì í Ṣe Gbogbo Ọ̀pọ̀ Ló Lérè

Ẹ̀kọ́ wa ti ìgbà yìí dá lórí owó níná nínú ilé ẹni. Láti oṣù May 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, tí náírà sì já wálẹ̀ ní oṣù tó tẹ̀ lé e, kò sí ilé tí kò tún ìṣirò ara rẹ̀ ṣe. Ọ̀pọ̀ nínú wa ní Kano níbí ló rò pé ẹni tó bá ti kọ́lé ti bọ́. Lóòótọ́ ló bọ́ lọ́wọ́ lańlọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n ilé náà fúnra rẹ̀ ti di lańlọ́ọ̀dù: yóò gba owó páànù, yóò gba owó ẹ̀rọ omi, yóò gba owó iná, kò sì ní sọ tẹ́lẹ̀ kó tó gbà á.

Nínú Suuratul Furqaan, aaya 67, Ọlọ́hun ròyìn àwọn ẹrú Rẹ̀ tó jẹ́ ẹni rere pé bí wọ́n bá ń náwó, wọn kì í ná ìnákúnàá, wọn kì í sì í ṣahun. Àárín méjèèjì ni wọ́n ń wà. Àwọn ọmọ kéú mi máa ń rò pé àpà nìkan ni aaya yìí ń bá wí. Ahun náà ń ba ilé jẹ́. Ẹni tó rí ibi tí òrùlé ti ń jò, tó ní òun ń ṣọ́wó ná, tí kò pe káfíńtà, igi òrùlé yóò jẹrà, àjà yóò wó, omi yóò sì dé ibi wáyà iná. Ohun tí owó kékeré ìbá tún ṣe ní oṣù March kí òjò tó dé, owó ńlá ni yóò gbà ní August. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí á ṣiṣẹ́ òrùlé, káfíńtà sì máa ń gba dúnàádúrà nígbà náà ju ìgbà tí gbogbo àdúgbò ń pè é lọ. Mo ti rí ilé tí wọ́n kùn lọ́dà tuntun fún Iléyá, tí ẹ̀rọ omi ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ sì ń kán tó-tó-tó láti ìgbà ààwẹ̀. Ẹ gbé garawa sábẹ́ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ mọ́jú, ẹ ó rí iye omi tí ẹ ń dà nù, ẹ̀yin tí ẹ tún ń ra kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ mai ruwa.

Ìṣó, àgádágodo àti kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ni mò ń tà, nítorí náà mo mọ ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn oníbàárà. Wọ́n á gbé àgádágodo méjì dání, wọ́n á ní èwo ló pọ̀ jù? Èmi ìbá fẹ́ kí wọ́n bi mí pé èwo ni yóò pẹ́. Àwọn àgbà ní ọ̀wọ́n là ń ra ògo, ọ̀pọ̀ là ń ra ọ̀bùn. Èyí kò sọ pé ohun tó bá ti wọ́n ló dára (èmi ọlọ́jà ni mo ń sọ bẹ́ẹ̀ o!). Kí á wo ohun tí à ń rà kí á tó wo iye rẹ̀ ni. Páànù alumí wà tí ìnípọn rẹ̀ jẹ́ mílímítà 0.45, òmíràn jẹ́ 0.55, òmíràn 0.70. Ojú lásán kò lè mọ̀ ọ́n, ẹlòmíràn sì ń pe èyí tó fẹ́lẹ́ ní 0.55. Ẹ ní kí wọ́n wọn ìnípọn rẹ̀ lójú yín kí wọ́n tó gé e. Wáyà iná náà, 1.5 ni ti gílóòbù, 2.5 ni ti sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó fi 1.5 sí sọ́kẹ́ẹ̀tì nítorí ọ̀pọ̀, ó ń fi iná pe iná wálé.

Ibi tí owó ti ń ṣẹ́ kù gan-an nìyí. Gílóòbù àtijọ́ tó jẹ́ 60 wáàtì, bí a bá tàn án fún wákàtí 5 lójoojúmọ́, á jẹ yúníìtì 9 ní ọgbọ̀n ọjọ́. Gílóòbù LED tó jẹ́ 9 wáàtì, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a dọ́gba, kò ní jẹ tó yúníìtì kan ààbọ̀. Ní April 2024 tí wọ́n gbé owó yúníìtì kan sí náírà 225 fún àwọn tó wà ní Band A, ìyàtọ̀ gílóòbù mẹ́jọ lóṣù kan jẹ́ nǹkan bí náírà 13,770.

Ti oúnjẹ ńkọ́? Ọjà Dawanau wà nítòsí wa, ó sì wà lára àwọn ọjà ọkà tó tóbi jù ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Láti October sí December tí àwọn àgbẹ̀ ń kórè ni àgbàdo, ọkà bàbà àti ẹ̀wà máa ń pọ̀. Tó bá di July sí August, wọ́n á wọ́n. Onílé tó ní yàrá gbígbẹ kan lè ra ti ọdún sílẹ̀. Arákùnrin kan bi mí lẹ́yìn wáàsí pé ṣé èyí kì í ṣe ìkójàpamọ́ tí Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ̀ fún wa? Rárá o. Ìkójàpamọ́ ni kí èèyàn ra oúnjẹ ìlú mọ́lẹ̀, kó máa retí kí ara ni àwọn èèyàn kí òun tó tà á. Ti ará ilé ẹni yàtọ̀. Nínú hádíìsì tí a gbà láti ọ̀dọ̀ Sayyidina Umar, tó wà nínú Bukhari àti Muslim, Ànábì fúnra rẹ̀ máa ń fi oúnjẹ ọdún kan pamọ́ fún àwọn ará ilé rẹ̀.

Ẹ̀wà ni kòkòrò ń dààmú jù. Ẹ wá àpò tí wọ́n ń pè ní PICS: ọ̀rá méjì ló wà nínú, àpò kan lóde. Bí a bá fún afẹ́fẹ́ jáde tí a sì so ìkọ̀ọ̀kan wọn pinpin, kòkòrò kò ní rí èémí mí. Ẹ má da oògùn apakòkòrò sí ẹ̀wà tí ẹ ó jẹ. NAFDAC ti kìlọ̀ fún wa, nítorí ó ń pa èèyàn.

Ní ti ọjà níná, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé, bí Hausa bá sọ fún wọn pé “albarka”, wọ́n á máa yọwó lápò. Wọ́n rò pé ó ti gbà. Ohun tó ń sọ ni pé owó náà kò tó. Ìgbà tó bá ní “na sallama” ló tó gbà, bó bá sì ti sọ bẹ́ẹ̀, ẹ má yísẹ̀ padà. Ẹlòmíràn á ní, “Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ni wọ́n fún mi lọ́hùn-ún,” bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó pe iye kankan fún un. Irọ́ ni, irọ́ kì í sì í di hàláàlì nítorí pé ọjà la fi ń ná. Bí ẹnì kan bá ti ra ọjà tán, ẹ má fi owó kún un kí ẹ gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́. Ànábì kọ̀ ọ́.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ọjà alẹ́. Àwọn ọmọkùnrin kan á gbé wáyà tàbí ẹ̀rọ tó ń fa omi wá sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n á pe ìdajì owó rẹ̀. Kò sí risíìtì, kò sí páálí, wọn kò sì fẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ bá wọn níbẹ̀. Ẹni tó mọ̀ pé ẹrù olè ni tó sì rà á ti bá olè pín ẹ̀ṣẹ̀, òfin ìjọba náà yóò sì mú un. Wáyà yẹn lè jẹ́ ti mọ́ṣáláṣí, ó lè jẹ́ ti ilé ìwòsàn. Àwa tí wọ́n ń pè ní àlejò ní ìlú yìí, bó ti wù kí a ti pẹ́ níbẹ̀ tó, bí wọ́n bá mú ẹnì kan nínú wa, gbogbo wa ni wọ́n ń dárúkọ.

Kò burú láti ra àlòkù. Ọ̀sán ni kí ẹ rà á, lọ́wọ́ ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù tí a mọ̀, kó kọ orúkọ rẹ̀ àti iye owó sínú ìwé, kí ẹlẹ́rìí méjì sì wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ tó ń fa omi ni, ẹ jẹ́ kó fa omi lójú yín títí garawa méjì yóò fi kún, kí ẹ tó ka owó.